Ní Sunderland, Ìlú Tí Ó Dìbò Pé Kí A Jáde

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó máa ń bi wá pé, ẹni tí ó bá lọ sí Ìlú Ọba, ṣé kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni ó ń lọ? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwa tọkọtaya kò dúró ní Lọ́ńdọ̀nù. Apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a gbà lọ, sí ìlú kan tí ń jẹ́ Sunderland, níbi tí odò Wear ti ń ṣàn wọ inú òkun. Àbúrò wa obìnrin ni a lọ wò níbẹ̀. A kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ọ̀rọ̀ òṣèlú ni yóò gbà wá ní àlejò.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní King's Cross ní òwúrọ̀. Ó gbà wá tó wákàtí mẹ́ta kí a tó dé Newcastle, a sì tún wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wọ́n ń pè ní Metro láti ibẹ̀ lọ sí Sunderland. Ìlú méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn, kò ju bí ẹni ń ti Ìbàdàn lọ sí àwọn abúlé ìtòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ará Sunderland gbọ́ pé ẹ pè é ní ará Newcastle! Mackem ni wọ́n ń pe ará Sunderland, Geordie ni wọ́n ń pe ará Newcastle, bọ́ọ̀lù sì ti fi odi sí àárín wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Àbúrò wa ti ń dúró dè wá ní ibùdókọ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí òkúta tútù níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Àwọn òyìnbó tí ń kọjá lọ dúró wò ó. Oṣù Karùn-ún ni, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti orí òkun wá dàbí ọyẹ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. A tún fi aṣọ kan lé aṣọ.

Ìlú èédú àti ọkọ̀ ojú omi

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò wa mú wa rìn káàkiri. Ṣọ́ọ̀ṣì Peteru Mímọ́ tí ó wà ní Monkwearmouth ni a kọ́kọ́ lọ wò. Ọdún 674 ni Benedict Biscop dá ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó ń kọ́ ọ, ó ránṣẹ́ sí òkè òkun, sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí, fún àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń fi òkúta kọ́lé, àti àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń ṣe gíláàsì ojú fèrèsé. Ara ògiri àtijọ́ náà ṣì dúró. A fọwọ́ kàn án, a sì ronú pé ìlú yìí ti ń bá òkè òkun pa iṣẹ́ pọ̀ fún ohun tí ó lé ní 1,300 ọdún.

Láti ibẹ̀ ni a ti rìn lọ sí pápá ìṣeré wọn, tí wọ́n ń pè ní Stadium of Light, èyí tí ó túmọ̀ sí Pápá Ìmọ́lẹ̀. Ènìyàn tí ó tó 49,000 ni ó lè jókòó nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí orúkọ náà fún yín. Orí ibi ìwakùsà èédú ni wọ́n kọ́ pápá náà sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1993 ni wọ́n ti ibi ìwakùsà náà pa, ní ọdún 1997 ni wọ́n sì ṣí pápá náà. Fìtílà tí àwọn awakùsà máa ń gbé wọ inú ilẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń sọ. Wọ́n mọ irú fìtílà bẹ́ẹ̀ kan tí ó tóbi síwájú pápá náà. Ère ọkùnrin kan tí ó dé fìlà òyìnbó, tí ó ń sáré pẹ̀lú ọwọ́ nínà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bob Stokoe ni, ẹni tí ó jẹ́ olùdarí ikọ̀ náà nígbà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ FA ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1973. Leeds tí gbogbo ayé bẹ̀rù ni wọ́n fi góòlù kan ṣoṣo borí ní Wembley, bẹ́ẹ̀ ni Sunderland kì í ṣe ẹgbẹ́ ìpele kìn-ín-ní nígbà náà.

Ẹ fi ọdún 1973 yẹn sọ́kàn o, nítorí pé ọdún náà gan-an, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní, ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n ń bá ara wọn ṣòwò láìsan owó ibodè.

Iṣẹ́ mìíràn tí ìlú náà fi ń jẹun ni kíkan ọkọ̀ ojú omi. Nígbà kan rí, àwọn ènìyàn máa ń pè é ní ìlú tí ó ń kan ọkọ̀ ojú omi jù lọ ní ayé. Ní ọdún 1988, iṣẹ́ náà kásẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ wo èyí: ọkọ̀ ojú omi lọ ní 1988, èédú lọ ní 1993. Bí kò bá sí ti àwọn ará Jàpáànù, ìlú náà ìbá ti di ahoro. Àwọn ilé iṣẹ́ Nissan ni wọ́n wá dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 1986. Nítorí kí ni ará Jàpáànù ṣe wá sí Sunderland? Ìdí pàtàkì kan ni pé ẹni tí ó bá ṣe ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà lè tà á ní Faransé, Jámánì àti Ítálì láìsan owó ibodè. Sunderland jẹ́ ilẹ̀kùn sí ọjà Yúróòpù.

Ìbò ọdún 2016

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Èkó àti Ògùn yóò tètè mọ ohun tí a ń sọ. Ẹ rántí ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹ rántí ìyà tí ó jẹ àwọn tí wọ́n ń ná ọjà láàárín Sẹ̀mẹ̀ àti Kùtọnu, bẹ́ẹ̀ ni inú àwọn àgbẹ̀ onírẹsì kan dùn, wọ́n ní ọjà àwọn yóò wáyé tà. Ohun tí ó dun ẹnì kan ni ó dùn mọ́ ẹlòmíràn. Àwa náà ní ẹgbẹ́ ti wa, ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, a sì rí i bí Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ kí á jọ wà tàbí kí á túká kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016, wọ́n bi gbogbo ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì léèrè: kí á dúró nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni, tàbí kí á jáde? Àwọn ará Sunderland mọ ìbò kà kíákíá, ó sì ti pẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ náà ti mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Kété lẹ́yìn agogo méjìlá òru ni wọ́n kéde tiwọn: 82,394 ní kí á jáde, 51,930 ní kí á dúró. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ó lé ní 61 tí ó ní kí á jáde. Ní Newcastle tí ó múlé tì wọ́n, díẹ̀ báyìí ni àwọn tí ó ní kí á dúró fi ju àwọn yòókù lọ. Bí iye ti Sunderland ti jáde, owó pọ́n-ùn já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ní ọjà àgbáyé, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn olówó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nǹkan bí 52 nínú 100 ní gbogbo ilẹ̀ náà ni ó ní kí á jáde. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n jáde.

Àwọn ènìyàn fi ìlú náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìlú tí ń jẹun lára Nissan ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọjà. Bọ́ọ̀lù wọn náà sì wọ gàù ní àkókò kan náà. Ní ọdún 2017, wọ́n já kúrò ní Premier League. Victor Anichebe, ọmọ tí a bí ní Èkó, wà lára àwọn tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní sáà ìbànújẹ́ náà. Ní ọdún 2018, wọ́n tún já sí ìpele kẹta. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó rọ́nà gòkè ní 2022.

Nínú yàrá Bàbá

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dé orí ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni àbúrò wa ń ṣe. Ilé dé ilé ni ó ń lọ, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń wọ aṣọ fún wọn, ó sì ń fún wọn ní oúnjẹ. Lára àwọn tí ó ń tọ́jú ni ìyá kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀. Ọkọ ìyá náà, ẹni ọdún 72, ni àbúrò wa ń pè ní Bàbá, bí àwa náà yóò sì ti máa pè é nìyẹn. Ọmọ ọdún 16 ni ó wà nígbà tí ó wọṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kíkàn. Ọmọ ogún ọdún ni ó wà ní Wembley ní 1973. Ẹni ọdún 35 ni nígbà tí iṣẹ́ náà parí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Karùn-ún, Sunderland tún ní ìdíje ní Wembley pẹ̀lú Sheffield United. Ẹni tí ó bá borí ni yóò padà sí Premier League. Ilé ọtí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wo irú eré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni wá. Ó ní kí a wá sí ilé òun, nítorí pé òun pàápàá kì í fi ìyàwó òun sílẹ̀ mọ́.

A gbé ṣinṣín àti ẹ̀pà lọ. Wọ́n fi búrẹ́dì gbà wá lálejò, tí wọ́n fi ẹran àti ẹ̀wà kan sí nínú, ẹ̀wà tí wọ́n sè títí ó fi dàbí gbẹ̀gìrì tí ó ti tutù tí ó sì ti dì. A jẹ ẹ́, ó dùn. A bá ọ̀rẹ́ Bàbá méjì níbẹ̀, awakùsà èédú ni ọ̀kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni èkejì. Ọmọbìnrin Bàbá tí ń ṣiṣẹ́ ní Nissan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 18. Wọ́n ti ti ibùsùn ìyá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ó lè máa wo àwòrán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn kò jọ ti rédíò rárá. Àbúrò wa ni ó ń túmọ̀ fún wa. "Pet" ni wọ́n ń pe ara wọn, bí ẹni ń pe ènìyàn ní olùfẹ́.

Eré bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí Sheffield gbá góòlù kan wọlé. Wọ́n tún gbá òmíràn, ṣùgbọ́n adájọ́ wo ẹ̀rọ, ó ní kò dára. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Nígbà ìsinmi ìlàjì eré, ojú Bàbá pọ́n. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tọ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ wo ẹni tí ẹ gbójú lé lónìí. Ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ wa, ọmọ Faransé àti Swítsálándì ni. Régis Le Bris tí ó ń kọ́ wọn, ará Faransé ni. Mayenda tí ń gbá iwájú, Sípéènì ni a bí i sí. Ẹ lé Yúróòpù jáde ní ẹnu ọ̀nà ìta, ẹ wá ń bẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé pé kí ó wá bá yín gbá góòlù wọlé."

Bàbá kò yára dáhùn. Ó ní, "A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wá. Ohun tí a sọ ni pé àwa tí a ni ilé ni kí ó di kọ́kọ́rọ́ mú."

Ọmọbìnrin rẹ̀ dá a lóhùn láti ibi tí ó ti ń pọn tíì. Ó ní, "Dádì, ẹ di kọ́kọ́rọ́ mú lóòótọ́, àmọ́ èmi ni mi ò rí oorun sùn. Ní 2019, wọ́n ní àwọn kò ní ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n ti ṣèlérí láti ṣe lọ́dọ̀ wa mọ́. Gbogbo wa ni a rò pé a máa lọ sílé."

Awakùsà já lu ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ilé iṣẹ́ náà kú? Ní 2021, ṣebí wọ́n tún kéde bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn fún ọkọ̀ oníná mànàmáná!"

Obìnrin náà ní, "Kò kú. Ẹni tí ó ń ṣàìsàn tí kò kú, ṣé a ó wá sọ pé àìsàn náà dára?"

Ẹ̀yin ará, a ti rí àríyànjiyàn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn, lábẹ́ igi, níbi tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pàtẹ sí. Bákan náà ni ó rí. Ẹnì kan ń lu orí tábìlì, ẹnì kan ń nàka. Ọ̀rọ̀ Yúróòpù àti ọ̀rọ̀ Sunderland ti lọ́ mọ́ ara wọn bí okùn.

Ọmọkùnrin náà ṣàlàyé òfin tuntun fún wa. Ó ní tẹ́lẹ̀, agbábọ́ọ̀lù láti Faransé tàbí Sípéènì kò nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ kankan; àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń mú ọmọ ọdún 16 wá láti ibẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, wọn kò lè ra ọmọ òkè òkun tí kò tíì pé ọdún 18 mọ́. Ẹni tí ó bá sì ti pé, máàkì ni wọ́n ń kà fún un: iye ìgbà tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, iye eré tí ó gbá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, àti bí líìgì tí ó ti ń bọ̀ ti lágbára tó. Bí máàkì rẹ̀ bá pé 15, ó wọlé. Ní ọdún 2023 ni wọ́n tú okùn náà díẹ̀, tí wọ́n gba ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láyè láti mú ènìyàn díẹ̀ tí máàkì wọn kò pé.

Awakùsà ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa yóò lè ráyè gbá bọ́ọ̀lù." Ó kọjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin pàápàá, ẹ wí tẹnu yín. Tẹ́lẹ̀, ọmọ Faransé ń wọlé wẹ́rẹ́, ọmọ Nàìjíríà ń tọrọ ìwé. Nísinsìnyí orí ìlà kan náà ni wọ́n dúró sí. Ṣé kì í ṣe òdodo nìyẹn?"

Àlejò kì í pọ̀n lọ́rọ̀. A ní òótọ́ ni pé ìlà di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ kò tíì rí i pé ìlà náà kúrú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ ọdún 9 ni mo wà nígbà tí ẹ dìbò. Kò sí ẹni tí ó bi mí." Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí àbúrò wa, ó ní, "Ìwọ náà, kò sí ẹni tí ó bi ọ́ rí. Kí ni ìwọ rò?"

Ohun tí àbúrò wa sọ

Àbúrò wa ń nu ẹnu ìyá lọ́wọ́. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Ọkọ mi ń wo eré yìí ní Òṣogbo báyìí, òun àti àwọn ọmọ wa méjì. Nítorí Bàbá ni wọ́n ṣe ń ti Sunderland lẹ́yìn."

Bàbá ní, "Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

Ó ní, "Wọn kò lè bọ̀, sà."

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, àwọn ará Yúróòpù kò lè wọlé wá ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń tọ́jú arúgbó kò tó rárá. Nítorí náà, ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ṣí ọ̀nà fíísà fún àwọn olùtọ́jú láti gbogbo ayé, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó gba ọ̀nà náà jù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba ní olùtọ́jú tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíísà náà kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Oṣù Keje ọdún náà ni àbúrò wa dé. Oṣù mẹ́rin péré ni ó fi pẹ́ jù.

Ó sọ gbogbo èyí ní ohùn jẹ́jẹ́, kò bínú. Yàrá náà dákẹ́. Olùkọ́ gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ kalẹ̀. Bàbá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tí ó ti fi kan ọkọ̀ ojú omi. Ó ní, "Mo dìbò pé kí a jáde. Bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe. Wọ́n pa iṣẹ́ wa, kò sí ẹni tí ó bi wá nígbà yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n wá bi wá ni mo dáhùn. Ṣùgbọ́n n kò dìbò pé kí ẹni tí ń wẹ ìyàwó mi má rí àwọn ọmọ rẹ̀."

Olùkọ́ fẹ́ fèsì, ọmọbìnrin Bàbá sì ṣẹ́jú sí i. Ó gbé ẹnu dákẹ́. Eré tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú 76, Mayenda, ọmọ tí a bí ní Sípéènì, gbá a sáwọ̀n. Ariwo tí ó sọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò náà, àfi bí ìgbà tí iná NEPA bá dé lójijì! Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí adájọ́ fọn fèrè ìparí, Tom Watson, ọmọ ọdún 19 tí ó dàgbà nínú ẹgbẹ́ náà, gbá èkejì wọlé. Bàbá fò dìde, ó dì mọ́ olùkọ́, ó dì mọ́ àbúrò wa, ó sì lọ fi ẹnu ko ìyàwó rẹ̀ níwájú orí. Àwa náà kò mọ ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí jó.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé Watson yìí ti gbà láti lọ sí Brighton kí eré náà tó wáyé. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ̀. Ọmọ tí ó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ ni ó gbé ilé ró. Síbẹ̀ wọ́n ń kọrin orúkọ rẹ̀. Bàbá ní, "Ẹni tí ó ń lọ kì í ṣe ọ̀tá." Olùkọ́ ní, "Ohun tí mo ti ń gbìyànjú láti sọ fún ọ láti 2016 nìyẹn, lódì kejì." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan

Nígbà tí a ń rìn padà sílé ní etí òkun Roker, a bi àbúrò wa pé ṣé ẹ̀rù kì í bà á ní ìlú yìí. Ó sọ ohun tí kò sọ fún wa lórí tẹlifóònù rí.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, kò tíì pé oṣù kan tí ó dé. Wọ́n ti pa àwọn ọmọbìnrin kékeré mẹ́ta ní Southport ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, irọ́ sì ti tàn kálẹ̀ pé àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú ni ó ṣe é. Àwọn jàndùkú tú síta ní Sunderland ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà. Wọ́n sọ òkò lu ọlọ́pàá, wọ́n sì dáná sun ọ́fíìsì tí wọ́n ti máa ń gba àwọn ará ìlú ní ìmọ̀ràn, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá. Àbúrò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Kò sí ọkọ̀. Ó fara pamọ́ sí abẹ́ ilé kan, ó ń gbọ́ ariwo wọn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ni mo pè. N kò mọ ẹlòmíràn. Ó ní kí n má ṣe kúrò níbẹ̀. Ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò, ó wa mọ́tò rẹ̀ wá. Ó ní kí n jókòó sí iwájú, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ó ní òun kò ní gbé ọmọ òun pamọ́ bí olè nínú ìlú òun."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará ìlú jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n ń gbá ìgboro. Ọmọbìnrin Bàbá wà lára wọn. Àbúrò wa ní òun kò mọ ẹni tí ó dìbò kí á dúró àti ẹni tí ó dìbò kí á jáde nínú àwọn tí ń gbálẹ̀ náà.

Kí a tó dágbére

Ẹ̀yin olùkàwé wa, a kò lè parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Ní ọjọ́ tí a máa kúrò, Bàbá fi lẹ́tà kan hàn wá tí ó kọ sí aṣòfin àgbègbè rẹ̀ nítorí àbúrò wa. Ìwé rẹ̀ kò dán, ó fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òfin náà kò yí padà. Kódà, ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba ti ọ̀nà fíísà náà fún àwọn olùtọ́jú tuntun láti òkè òkun. Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ọkọ àbúrò wa ṣì wà ní Òṣogbo.

Ohun tí a rí kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́ wa. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Kí a tó pe ará Sunderland ní aláìmọ̀kan, ẹ jẹ́ kí a rántí ọkọ̀ ojú omi tí ó lọ àti èédú tí ó lọ. Kí ará Sunderland náà tó sọ pé àlejò pọ̀ jù, kí ó rántí ẹni tí ń nu ẹnu ìyá rẹ̀. Eyín àti ahọ́n ń jà, síbẹ̀ inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń sùn. Àwọn ọkùnrin méjì tí a rí yẹn kò tíì fohùn ṣọ̀kan láti ọdún 2016, síbẹ̀ orí àga kan náà ni wọ́n jókòó sí.

Nígbà tí a dé Òṣogbo, a gbé aṣọ bọ́ọ̀lù pupa àti funfun méjì fún àwọn ọmọ àbúrò wa. Bàbá ni ó fi owó ara rẹ̀ rà wọ́n. Èyí àbúrò bi wá pé, "Ṣé Bàbá òyìnbó ni yóò wá mú wa lọ bá Mọ́mì?" A kò mọ èsì tí a ó fún un. A kàn bá a wọ aṣọ náà. Ó tóbi jù fún un díẹ̀. Bàbá ti sọ fún wa pé òun mọ̀ọ́mọ̀ rà á bẹ́ẹ̀ ni, kí ó lè pẹ́ lára ọmọ náà.

Ó dàbọ̀ o, títí di ìrìn-àjò mìíràn.